Ìyá aláfún, ìyá alákàrà, àti ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní misdemeanour

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ti kọjá díẹ̀ ní kóòtù májísíréètì kan nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin kan dúró níbi tí ẹlẹ́jọ́ máa ń dúró sí. Kò wọ bàtà, ìborùn tó wà léjìká rẹ̀ sì ni èyí tó wà lára rẹ̀ láti Ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ti mú un. Akọ̀wé ka ẹ̀sùn mẹ́ta sí i létí lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ògbufọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí n kò rò pé ó tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, yíjú sí i, ó ní: "Màmá, ẹ̀sùn kékeré ni wọ́n fi kàn yín. Ṣé ẹ jẹ̀bi àbí ẹ ò jẹ̀bi?"

Obìnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó ń wá mi láàárín èrò.

Nítorí ọ̀rọ̀ "kékeré" yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Èmi náà ṣe ògbufọ̀ kóòtù fún ọdún 18 kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ àdúgbò ṣì ń pè mí ní Bàbá Kóòtù. "Ẹ̀sùn kékeré" ni mo fi túmọ̀ misdemeanour, orúkọ tí òfin ń pe irú ọ̀ràn kan, láti ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ títí dé ọjọ́ tí mo gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi wí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ṣáájú mi ń pè é. Ṣùgbọ́n mo rí àgbẹ̀, mo rí ọlọ́kadà, mo rí ìyá arúgbó, tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe gbọ́ "kékeré" lẹ́nu mi báyìí, ara wọn balẹ̀, wọ́n ní "mo jẹ̀bi" kí wọ́n lè tètè padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Àwọn kan nínú wọn kò sùn sílé lọ́jọ́ náà. N kò tíì gbàgbé ojú wọn.

Ìyá aláfún tí mo ń sọ yìí, aládùúgbò mi ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan tí kò jìnnà sí Tákìé ni àwọn méjèèjì ti ń tajà, ìsọ̀ wọn kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá síra wọn lọ. Ìyá aláfún ń sá láfún síwájú ìsọ̀ rẹ̀ kó tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Ìyá alákàrà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì, ń dín àkàrà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti jọ wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń yá ara wọn ní ṣẹ́ńjì.

Òjò rọ̀ mọ́jú Ọjọ́ Ẹtì yẹn. Nígbà tí oòrùn yọ, ìyá aláfún tẹ́ tapólì, ó da ìṣù láfún tí ó ti rẹ fún ọjọ́ mẹ́rin sórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe láfún rí mọ̀ pé ọjọ́ tí oòrùn bá jáde lẹ́yìn òjò, ọjọ́ iyebíye ni. Bí ó bá kọjá láìgbẹ, láfún a bẹ̀rẹ̀ sí í hu ewú, a máa rùn, a di ti ẹlẹ́dẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, Ìyá Ìbejì da omi tó fi bó ẹ̀wà sínú gọ́tà. Gọ́tà náà ti dí. Omi náà yí padà, ó ṣàn gba abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó sì wọ orí tapólì. Mo débẹ̀ lẹ́yìn ìjà, mo fojú ara mi rí i: èèpo ẹ̀wà dúdú-dúdú lẹ̀ mọ́ ara láfún funfun bí eṣinṣin.

Ìyá aláfún ké. Ó ní, "Ṣé o ò rí i pé mo sá nǹkan ni?" Ìyá Ìbejì ní gọ́tà ìjọba ni òun da omi sí, òun kò da á sí inú ilé ẹnikẹ́ni. Bí ó bá mọ síbẹ̀ ni, ìyàlọ́sàn-án ni wọn ì bá ti parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń bí ọ̀rọ̀, títí Ìyá Ìbejì fi sọ èyí tó le jù: ó ní ìwà báyìí náà ló jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ lọ fẹ́ ẹlòmíràn sí Ìlọrin. Ìyá aláfún gbá a létí. Ó tún fi ẹsẹ̀ ta abọ́ ẹ̀wà lílọ̀, kóńgò mẹ́ta, ó dà sínú ẹrẹ̀. Gálọ́ọ̀nù epo ṣubú. Agbada tí kò tíì sí lórí iná yí gbirigbiri lọ sí títì, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan sì gun un kọjá.

Àbúrò Ìyá Ìbejì, ọlọ́kadà, mọ ẹnì kan ní tésàn. Kó tó di aago méjì ọ̀sán, wọ́n ti wá mú ìyá aláfún.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí misdemeanour jẹ́, nítorí ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ ní tésàn náà, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dúró lé.

Nínú èdè wa a ní àṣìṣe, a ní ẹ̀ṣẹ̀, a ní àṣemáṣe, a ní ọ̀ràn. Bí a bá ní ẹnì kan dáràn, ohun tó bà jẹ́ ni a ń wò: ta ló sunkún, kí ló ṣòfò, ẹ̀jẹ̀ mélòó ló jáde. Òfin kò wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni òfin fi ń wọn ọ̀ràn. Criminal Code, ìwé òfin ọ̀ràn tí à ń lò níhìn-ín ní Gúúsù, tó wà nínú òfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà, pín gbogbo ọ̀ràn sí ọ̀nà mẹ́ta. Felony ni èyí tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sókè. Misdemeanour ni èyí tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní oṣù 6, tí kò sì tó ọdún 3. Ìyókù, simple offence ni wọ́n ń pè é. Òfin sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀ràn báyìí, misdemeanour ni. Bó ṣe pè é náà ni ó jẹ́.

Ẹ wá fi èyí wo ìjà ọjà yẹn. Kí ènìyàn gbá ẹlòmíràn létí láìtọ́, abala 351, misdemeanour ni, ẹ̀wọ̀n ọdún 1. Kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ba ohun ìní ẹlòmíràn jẹ́, abala 451, misdemeanour ni, ẹ̀wọ̀n ọdún 2. Kí ènìyàn hùwà ní gbangba lọ́nà tó lè da àlàáfíà rú, èyí tó wà ní abala 249, simple offence ni, oṣù 1. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn jí nǹkan, abala 390, felony ni, ọdún 3, ì báà jẹ́ adìyẹ kan ṣoṣo ni ó jí. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ta odidi abọ́ ẹ̀wà dànù, tí òwò ọjọ́ kan bá fi ṣègbé, misdemeanour ló ṣe. Ẹni tó bá fọwọ́ mú àkàrà méjì nínú abọ́ kan náà láìsanwó, tó sì sá lọ, felony ló ṣe. Ó ṣòro fún ará ilé wa láti gbà, mo mọ̀. Mo ti rí lọ́yà tí ó gbọ́ ọ tí ó mi orí.

Ìdí nìyẹn tí "kékeré" kò fi tọ́. Ọdún 2 ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ta ni yóò pè é ní kékeré lójú ẹni tó lò ó? Àwọn Òyìnbó tó kọ òfin náà ń fi í wé felony ni, kò túmọ̀ sí pé ó kéré lójú ara rẹ̀. Òfin yẹn gan-an kì í ṣe ti ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀. Queensland ní Ọsirélíà ló ti ṣẹ̀, Samuel Griffith ló kọ ọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin níbẹ̀ ní 1899. Wọ́n gbé e wá sí Àríwá Nàìjíríà ní 1904, wọ́n sì fi kárí gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1916. Àríwá ti yà kúrò nínú rẹ̀ láti 1960 tí wọ́n ti ń lo Penal Code, tí kò pín ọ̀ràn sí felony àti misdemeanour. Ìyẹn ni pé ká ní Ìlọrin ni ìjà yìí ti ṣẹlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ Tákìé ń gbé ènìyàn dé kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀rọ̀ tí mo ń tú palẹ̀ yìí kò ní sí nínú ìwé ẹ̀sùn rárá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti fi òfin 1967 pa ìyàtọ̀ àárín felony àti misdemeanour rẹ́. Àwọn ọmọ wa tó ń wo fíìmù Amẹ́ríkà sì máa ń rò pé ọdún 1 ni ààlà. Tiwọn nìyẹn, tiwa ọdún 3 ni.

Mo dé tésàn ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, èmi àti àbígbẹ̀yìn ìyá aláfún. Wọ́n ti fi ìyá rẹ̀ sí àtìmọ́lé. Ìyá Ìbejì jókòó níwájú IPO, ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ẹjọ́ náà. Etí ìró Ìyá Ìbejì já, ojú rẹ̀ wú nítorí ẹkún. IPO ń bi í, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Owó tí ẹ ní ó wà lára yín ńkọ́?"

"₦8,500 ni. Mo dì í sétí ìró. N ò rí i mọ́."

IPO tẹ bírò mọ́ ìwé. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sókè fún ènìyàn láìmọye ìgbà, mo mọ ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n ní nǹkan kan." Kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ó dá ọwọ́ dúró.

"Ìyá Ìbejì, ṣé o rí i nígbà tó mú owó náà?"

"Bàbá, ẹni tó da ẹ̀wà mi nù, kí ló kù tí kò lè ṣe?"

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Ṣé ojú rẹ rí ọwọ́ rẹ̀ létí ìró rẹ?"

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ẹ rí i." Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wò mí, ó wá wo ilẹ̀.

"N ò rí i. Èrò pọ̀. Àwọn ọmọ kan ń ṣa nǹkan nílẹ̀. Ó lè jẹ́ àwọn ló he é."

Mo sọ fún un níwájú IPO pé kí ó sọ bó ṣe rí gan-an, pé owó òun sọnù nínú ìjà, òun kò sì rí ẹni tó mú un. Mo sọ ìdí rẹ̀. Bí "jí" bá wọ inú ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ ìjà ti kúrò nílẹ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ olè, ó ti di felony. Àti pé bí ó bá dé kóòtù tí wọ́n ní kí ó búra, tí ó sì sọ pé òun rí ohun tí òun kò rí, ọ̀ràn tirẹ̀ ni yóò kàn. IPO wò mí pẹ́. Ó fa ilà kan sí orí ọ̀rọ̀ náà, ó kọ òmíràn sókè rẹ̀, ó ní kí Ìyá Ìbejì tẹ ìka síbẹ̀. Mo yin obìnrin yẹn, Ìyá Ìbejì ni mò ń wí. Inú ń bí i, òwò rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni òun jẹ́ fún ẹni tó ń tì í pé kó purọ́, kò sì purọ́.

Àbúrò náà kò jáwọ́. Ó ní etí ẹ̀gbọ́n òun ń hó, ó gbé e lọ sí ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ náà láti gba ìwé dókítà. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí ìlunilétí bá dá ọgbẹ́ tàbí àìsàn sí ẹni tí a lù lára, kódà kí ó má pẹ́, abala 355 ti mú un kúrò ní misdemeanour, ó ti di felony ọdún 3. Ìgbátí kan náà, ọwọ́ kan náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà. Ìwé dókítà ló máa sọ orúkọ rẹ̀. Dókítà wo etí náà, ó kọ ọ́ pé òun kò rí ohunkóhun tó ṣe é. Ó parí síbẹ̀.

Wọn kò fi ìyá aláfún sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri tésàn náà pé ọ̀fẹ́ ni bélì, ẹnì kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà tó ń bi ọmọ rẹ̀ léèrè pé mélòó ló mú wá. Ó mú ₦5,000 dání. Wọ́n ní kò tó. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè yìí, abala 35, sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú níbi tí kóòtù wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni kí wọ́n fi gbé e dé iwájú adájọ́. Kóòtù kò jìnnà sí tésàn náà rárá. Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n mú un, wọ́n sì ń sọ pé kóòtù kì í jókòó lópin ọ̀sẹ̀, bíi pé bélì tésàn kò sí. Òru mẹ́ta ni ó sùn síbẹ̀ lórí ọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni kò pè ní felony. Ó dùn mí gan-an, mo sì ń sọ ọ́ síta: ohun tí a bá ń pè ní kékeré, ẹ má fi òru mẹ́ta san án kí adájọ́ tó gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbà mí láàyè láti bá a sọ̀rọ̀. Ó ti pinnu. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, láti kékeré, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi.

"Bàbá, mo gbá a létí. Gbogbo ọjà ló rí mi. Báwo ni mo ṣe máa dúró níwájú adájọ́ kí n sọ pé n ò jẹ̀bi? N ò ní parọ́ nítorí kóòtù."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo rò jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, nítorí òun ni mo ti rí tó ń kó bá ọ̀pọ̀ olóòótọ́ ènìyàn. Mo sọ fún un pé "mo ṣe é" àti "mo jẹ̀bi" kì í ṣe ohun kan náà ní kóòtù. Nílé, bí ọmọ bá fọ́ àwo tí a sì bi í, "ìwọ ni?", ó ní èmi ni, ó ti jẹ̀bi nìyẹn. Ní kóòtù, ẹni tó bá ní òun jẹ̀bi ti gba gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀sùn gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe kọ ọ́: pé òun ṣe é, pé kò tọ́, pé kò sí ìdí kankan tí òfin mọ̀ tó lè gbà á sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìdí wà. Abala 284 sọ pé bí ẹnì kan bá fi ìwàkiwà tàbí èébú mú ènìyàn bínú títí kò fi lè ṣàkóso ara rẹ̀ mọ́, tí ó sì lù ú lójú ẹsẹ̀ kí inú tó rọ̀ ọ́, tí lílù náà kò sì kọjá bó ṣe yẹ, òfin kò ní ka lílù yẹn sí i lọ́rùn. Omi wọ láfún rẹ, wọ́n fi ọkọ rẹ bú ọ lójú ọjà, ọwọ́ rẹ dìde lẹ́ẹ̀kan. Adájọ́ ló yẹ kó gbọ́ ìyẹn kó sì wọ̀n ọ́n. Bí o bá ti ní o jẹ̀bi, kò sẹ́ni tí yóò bi ọ́ mọ́. Mo tún sọ fún un pé ti ẹ̀wà àti epo yàtọ̀. N kò rí ibi tí òfin ti gbà á sílẹ̀ lórí ìyẹn, kí ó máa múra àtisan án.

Ó bi mí bóyá yóò wà lákọsílẹ̀. Mo mọ ìdí tó fi bi mí. Ọmọ rẹ̀ àgbà wà ní Kánádà, oyún inú rẹ̀ ti di oṣù mẹ́fà, ìyá aláfún ni yóò lọ bá wọn gbé ọmọ. Mo sọ òtítọ́ fún un. Fọ́ọ̀mù físà máa ń bi ènìyàn bóyá wọ́n ti mú un tàbí fẹ̀sùn kàn án rí, kí ó má sì purọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n "wọ́n fẹ̀sùn kàn mí, a parí rẹ̀, kóòtù kò dá mi lẹ́bi" jìnnà púpọ̀ sí "wọ́n dá mi lẹ́bi lórí ẹ̀sùn méjì tó jẹ mọ́ ìlunilétí àti bíba dúkìá jẹ́." Ẹ̀bi kóòtù kò ní ọmọdé. Bí misdemeanour ti wà lákọsílẹ̀ ni felony náà wà.

"Kí ni kí n wá sọ?"

"Bí wọ́n bá kà á sí ọ létí, bi wọ́n pé ọdún mélòó ló wà nínú rẹ̀."

Ohun tó ń wá ojú mi sí nìyẹn láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Mo mi orí. Ó yíjú padà sí ògbufọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, kékeré yẹn, ọdún mélòó ló wà nínú rẹ̀?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Adájọ́ gbójú sókè kúrò lórí ìwé rẹ̀, ó bi ògbufọ̀ pé kí ló sọ. Ògbufọ̀ tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó padà sí ẹ̀sùn kìíní, kí ó sọ ọ́ fún un ní kíkún, kí ó sì fi ìjìyà rẹ̀ kún un. Lẹ́yìn náà ìkejì, lẹ́yìn náà ìkẹta. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, oore kọ́. Abala 36 Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ní kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún ẹni tí wọ́n fi kàn ní èdè tó yé e àti ní kíkún, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ọdún 18 ni mo fi jẹ́ apá kan nínú abala yẹn, n kò sì fún ọ̀rọ̀ "ní kíkún" ní ìtumọ̀ tó yẹ ẹ́.

Nígbà tí ó gbọ́ ọdún 1, tí ó gbọ́ ọdún 2, ó gbá irin iwájú rẹ̀ mú. Ó ní òun kò jẹ̀bi, lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ sí i. Lórí ẹ̀sùn tí kò tó felony, bélì ni ohun tó yẹ kí kóòtù fúnni àyàfi bí ìdí gidi bá wà láti má fún un, agbẹjọ́rò ọlọ́pàá kò sì ta kò ó. Onídùúró kan, ₦100,000. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Fún àwọn tí kò mọ̀: onídùúró kì í san owó yẹn sílẹ̀, ó ń jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, bí ẹni tó dúró fún bá sá lọ. Wọ́n sún ẹjọ́ síwájú ọ̀sẹ̀ méjì.

Adájọ́ sọ nǹkan kan kó tó dìde tó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni n kò ṣe fẹ́ kí "jí" wọ inú ìwé IPO lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun rí i pé ará ọjà kan náà ni wọ́n, bí wọ́n bá lè bá ara wọn parí rẹ̀ kí wọ́n wá sọ fún òun. Òfin kóòtù májísíréètì fún un ní àyè yẹn: lórí ìlunilétí lásán àti ọ̀ràn mìíràn tí kò tó felony, tí kò sì burú jáì, adájọ́ lè rọ̀ wọ́n kí wọ́n parí rẹ̀ nítùnbí-ìnùbí, kí ẹni tó ṣẹ̀ san ohun tó bàjẹ́, kí òun sì dá ẹjọ́ dúró. Bí ó bá jẹ́ felony ni, ilẹ̀kùn yẹn tì. Kódà, kí ènìyàn gba owó nídìí felony láti bo ó mọ́lẹ̀, ọ̀ràn ni lọ́tọ̀.

Wọ́n pàdé ní ìsọ̀ ìyálọ́jà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Ìyálọ́jà ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé láfún tó bàjẹ́ wá kí òun rí i. Ó fi ọwọ́ fọ́ ìṣù kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e fún Ìyá Ìbejì náà kó gbóòórùn rẹ̀. Ó wá ní kí wọ́n gbé agbada wá. Agbada náà ti tẹ̀ láàárín, kò lè jókòó lórí ààrò mọ́. Wọ́n ṣírò ẹ̀wà, epo àti agbada, wọ́n yọ iye láfún kúrò nínú rẹ̀, ó ku ₦14,000 tí ìyá aláfún máa san. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ìgbátí náà ní orúnkún. Ìyá Ìbejì kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ní òun kò yẹ kí òun fẹnu kan ọ̀rọ̀ ọkọ. ₦8,500 tó sọnù, kò sẹ́ni tó rí i títí dòní.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọn kì í yá ara wọn ní ṣẹ́ńjì mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n jọ dáwó fún àwọn ọmọkùnrin méjì tó wá gbẹ́ gọ́tà.

Ọjọ́ tí ẹjọ́ tún pé, àwọn méjèèjì jọ dúró, adájọ́ ka ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, ó fọwọ́ sí i, ó sì dá ẹjọ́ dúró. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo jókòó díẹ̀ sí i nítorí òjò ń rọ̀ níta. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ògbufọ̀ náà ti tẹ̀lé mi dé abẹ́ igi, ó bi mí pé, "Bàbá, kí ni kí n máa pè é, nígbà tí kékeré kò tọ́?" Mo sọ fún un pé kò sí orúkọ tó dára jù iye ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lọ. N kò mọ̀ bóyá ó gbà á.

Ẹjọ́ tó tẹ̀lé e ni ti ọmọkùnrin kan tó fọ́ dígí mọ́tò ẹlòmíràn níbi ìjà pákì. Akọ̀wé kà á tán. Ògbufọ̀ yíjú sí i, kò wo ibi tí mo wà.

"Ẹ̀sùn bíba dúkìá jẹ́ ni wọ́n fi kàn ọ́. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún méjì. Ṣé ó yé ọ?"

Ọmọkùnrin náà ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ.